Ìka Tó Ṣẹ̀ Lọba Ń Gé: Ìbéèrè Yín Lórí Rògbòdìyàn Gbèsè Ọdún 2008

Ẹ̀yin olóòtú, wọ́n ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Gbèsè ilé dojú ọjà rú ní Amẹ́ríkà, báńkì Lehman Brothers kógbá sílé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, síbẹ̀ n kò gbọ́ pé ọ̀gá àgbà báńkì ńlá kankan níbẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n. Ṣé òfin ò ká wọn ni?

Òfin ká wọn. Àmọ́ ohun tí òfin ń wá yàtọ̀ sí ohun tó ń bí aráàlú nínú. Aráàlú ń wo owó tó ṣègbé. Agbẹjọ́rò ìjọba ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹnì kan pàtó mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa, ó sì pa á láti fi gba owó olówó. Kéèyàn fi owó olówó ta tẹ́tẹ́ kó sì pàdánù rẹ̀, ìyẹn nìkan ò gbé ẹnikẹ́ni dé ẹ̀wọ̀n.

Ìjọba kọ́kọ́ dán an wò lára Ralph Cioffi àti Matthew Tannin, tí wọ́n ń darí àpò ìdókòwò méjì ní báńkì Bear Stearns. Ímeèlì wọn ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù àti ìrètí jọ wà nínú àwọn ímeèlì náà ni, àwọn júrì sì dá wọn sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009.

Ta wá ló ṣẹ̀wọ̀n? Kareem Serageldin ti báńkì Credit Suisse gbà pé òun bá wọn lọ́wọ́ nínú fífi iye èké sára bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé gbèsè tí wọ́n ń tà lọ́jà, kí àdánù má bàa hàn. Oṣù 30 ni wọ́n dá fún un ní 2013. Lee Farkas, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń yáni lówó ilé, Taylor, Bean & Whitaker, gba ọgbọ̀n ọdún ní 2011, torí pé wọ́n ń ta gbèsè tí kò ní láárí àti èyí tí wọ́n ti tà fún ẹlòmíràn fún Colonial Bank. Ẹ kíyè sí i: nínú ẹjọ́ méjèèjì, irọ́ wà lákọsílẹ̀ tí júrì tàbí adájọ́ lè nawọ́ sí.

Ní báńkì ńlá, ìwé ni wọ́n fi ń ṣe asà. Ẹ jẹ́ ká tú ọgbọ́n tí Lehman ń pè ní Repo 105 wò. Bí oṣù mẹ́ta bá fẹ́ pé, tí wọ́n sì fẹ́ gbé ìròyìn owó jáde, wọ́n á gbé bọ́ǹdì tó tó dọ́là 105 fún ẹlòmíràn, wọ́n á gba dọ́là 100 lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yáwó lásán ni, torí wọ́n á ra bọ́ǹdì náà padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n torí pé ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ fi márùn-ún lé ní ọgọ́rùn-ún, wọ́n ní òfin ìṣirò gbà káwọn pè é ní títà. Owó tí wọ́n gbà ni wọ́n fi ń san gbèsè mìíràn, ìwé á wá fi hàn pé gbèsè wọn ti fúyẹ́. Ní ìdajì ọdún 2008, nǹkan bíi bílíọ̀nù 50 dọ́là ni wọ́n fi dọ́gbọ́n bẹ́ẹ̀ kúrò lójú ìwé. Nígbà tí wọn ò rí ilé agbẹjọ́rò kan ní Amẹ́ríkà tí yóò fọwọ́ sí i pé títà ni lóòótọ́, wọ́n gba ìwé lọ́dọ̀ Linklaters ní Lọ́ńdọ̀nù, lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Anton Valukas, tí ilé ẹjọ́ yàn láti tú u wò, kọ ìròyìn tó lé ní ojú ìwé 2,200, tó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2010. Ó ní ẹ̀sùn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ wà láti fi kan àwọn ọ̀gá kan àti Ernst & Young tó jẹ́ ọ́dítọ̀ wọn. Síbẹ̀ kò sí ẹjọ́ ọ̀daràn. Láti 2002 ni òfin Sarbanes-Oxley ti ní kí ọ̀gá àgbà àti ọ̀gá ìṣúná máa buwọ́ lu ìròyìn owó. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ buwọ́ lu irọ́ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 10, tàbí 20 bó bá jẹ́ pé ó dìídì ṣe é ni. Orí “mọ̀ọ́mọ̀” yẹn ni gbogbo ẹ̀ ti ń já. Lójú tiwa, ẹni tí agbẹjọ́rò àti ọ́dítọ̀ ti kọ̀wé fún pé kò séwu ti ra ẹ̀rí àìmọ̀ síwájú ìdájọ́ ni.

Ta ló san owó ìtanràn ńláńlá tí wọ́n ń kéde?

JPMorgan gbà láti san bílíọ̀nù 13 dọ́là ní 2013, Bank of America náà gbà láti san bílíọ̀nù 16.65 ní 2014. Inú àpò báńkì ló ti jáde, ìyẹn àpò àwọn tó ní ìpín. Àwọn náà kọ́ ló dá ọ̀ràn ọ̀hún.

Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ni mí. Bí onípìn-ín bá fẹ́ pe àwọn olùdarí lẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Ọ̀nà méjì ni. Ti àkọ́kọ́, ẹ ń pe olùdarí lẹ́jọ́ lórúkọ ilé-iṣẹ́ ni, àpò ilé-iṣẹ́ sì ni owó tẹ́ ẹ bá gbà ń lọ. Ìpínlẹ̀ Delaware ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà ti forúkọ sílẹ̀, òfin ibẹ̀ sì le. Láti inú ẹjọ́ Caremark ti 1996, ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé olùdarí kò gbé ètò ìròyìn kankan kalẹ̀ rárá, tàbí pé ó rí àmì ewu ó sì mọ̀ọ́mọ̀ mójú kúrò. Àwọn onípìn-ín báńkì Citigroup gbìyànjú rẹ̀ ní 2009; adájọ́ ní àìrí ewu okòwò kò tó ẹ̀sùn. Kìkì ohun tó kù nílẹ̀ ni ẹ̀sùn lórí mílíọ̀nù 68 dọ́là tí wọ́n fi sin Charles Prince, ọ̀gá wọn, jáde.

Ìkánjú ló ń ba irú ẹjọ́ yìí jẹ́. Àwọn èèyàn á sáré lọ ilé ẹjọ́ láìní ẹ̀rí inú ilé, wọ́n á sì dà á nù. Ẹ kọ́kọ́ lo abala 220 òfin Delaware: ẹ kọ̀wé, ẹ búra sí i, ẹ sọ ìdí tó tọ́ tẹ́ ẹ fi fẹ́ rí ìwé ilé-iṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀, tàbí tí wọn ò fèsì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, ẹ lè ní kí ilé ẹjọ́ pàṣẹ fún wọn. Ẹ má sì tíì ta ìpín yín; ẹni tó bá tà á ti pàdánù ẹ̀tọ́ láti máa bá ẹjọ́ náà lọ.

Ọ̀nà kejì wà fún ẹni tó ra ìpín torí irọ́ tí wọ́n kéde. Ọdún méjì ló ní láti ìgbà tó ti mọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọdún márùn-ún lọ láti ìgbà tí wọ́n ti pa irọ́ náà. Bí wọ́n bá ti kéde ẹjọ́, ọjọ́ 60 ni ẹni tó fẹ́ ṣaájú rẹ̀ ní láti jáde. Àwọn yòókù á dúró de fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn nínú owó náà. Ẹ tọ́jú ìwé rírà: ọjọ́, iye ìpín, iye owó. Ẹni tó ti rà kí irọ́ tó bẹ̀rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Irú ẹjọ́ yìí gba mílíọ̀nù 90 dọ́là lórí ẹ̀sùn tó kan àwọn olùdarí àti ọ̀gá Lehman, àmọ́ owó adójútòfò ni, kò ti àpò wọn jáde.

Kí ló ti yí padà?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Kẹta ọdún 2016, ọ̀gá báńkì kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tó sọ ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀. “N ò sí níbẹ̀” ti wá ṣòroó sọ.

Ní Amẹ́ríkà, òfin Dodd-Frank ti 2010 ní kí ilé-iṣẹ́ gba owó àṣeyọrí padà lọ́wọ́ ọ̀gá bí ìṣirò tí wọ́n fi san án bá jẹ́ àṣìṣe, yálà ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ọdún méjìlá kọjá kí SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìpín ní Amẹ́ríkà, tó parí ìlànà rẹ̀, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Ọdún mẹ́ta tó ṣíwájú àtúnṣe ìṣirò náà ni wọ́n ń ṣírò, iye tó fi lé sì ni ọ̀gá náà ń dá padà. Ilé-iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ bá a san án, kò sì gbọ́dọ̀ bá a san owó adójútòfò rẹ̀.