Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Iná Wo Ló Tó Fún Iyùn Inú Táǹkì Kékeré?

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Táǹkì omi iyọ̀ mi gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ ní 30, ó jìn ní 36. Iyùn alààyè ni mò ń sìn nínú rẹ̀: zoanthid (tó rí bí òdòdó kéékèèké) àti iyùn olú (tó rí bí olú). Iná LED funfun 12 wáàtì tó bá táǹkì wá ni mò ń tàn, ṣùgbọ́n àwọn zoanthid ti ń na ọrùn sókè, àwọ̀ wọn sì ti ń di búráùn. Ọlọ́jà ní kí n ra 165 wáàtì. Ṣé kí n rà á?
Òǹkàwé kan, Súrùlérè

Ẹ má tíì sanwó. Ebi ìmọ́lẹ̀ ló ń mú wọn na ọrùn lóòótọ́, àmọ́ kí ẹ gbé 165 wáàtì lé irú omi yẹn, àfi bí ẹni gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹni méjì ka iná ààrò aláàsè.

Inú ẹran ara iyùn ni àwọn ewé omi tín-ín-rín (algae) tí ojú lásán ò lè rí ń gbé. Àwọn ló ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ṣúgà tí iyùn ń jẹ, ìmọ́lẹ̀ búlúù ni wọ́n sì ń lò jù, torí òun ló ń wọnú òkun jìnnà jù. Nítorí náà, iná funfun lè mọ́lẹ̀ rokoṣo lójú yín kó má sì bọ́ wọn yó. (Iyùn pupa tí àwọn ọba ń so sọ́rùn, irú mìíràn ni: kò ní ewé kankan lára, ibi tí òkun ti ṣókùnkùn ló ń gbé.)

PAR ni òṣùwọ̀n tó ń ka kìkì ìmọ́lẹ̀ tí ewé lè lò. Zoanthid àti iyùn olú, 50 sí 100 tó wọn, níbi tí wọ́n jókòó sí gan-an, kì í ṣe lójú omi. Euphyllia, irú iyùn mìíràn, ń fẹ́ 80 sí 150. Acropora, òun náà irú iyùn kan, ló ń béèrè 200 sí 350. Ẹ jẹ́ kí tiwọn dúró ná. Ẹ̀rọ tó ń ka PAR wọ́n, ẹ wá ẹni tó lè yá yín fún ọjọ́ kan. Áàpù orí fóònù ò lè rọ́pò rẹ̀, lux (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ bí ojú ènìyàn ṣe ń rí i) ló ń kà, lux kì í sì í ka búlúù bó ṣe yẹ.

Ẹ ra LED ti iyùn, 30 sí 50 wáàtì, tí bọ́tìnnì búlúù rẹ̀ yàtọ̀ sí ti funfun. Kí wọ́n kọ 100–240V sí i lára. Èyí tó bá jẹ́ 110V nìkan yóò jóná lọ́jọ́ tí ẹ bá kì í bọ ògiri. Ẹ so ó kọ́ ní 20 sí 25 sẹ̀ǹtímítà sókè omi. Búlúù 40%, funfun 10%, wákàtí 6 lóòjọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi 5% kún búlúù àti ìdajì wákàtí kún àkókò, títí dé wákàtí 8 tàbí 9. Ẹ máa nu iyọ̀ tó bá gbẹ mọ́ ojú iná, ó ń jí ìmọ́lẹ̀ gbé.

Bí iyùn bá funfun, tó súnkì, tí kò sì ṣí mọ́, iná ti pọ̀ jù. Ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí ebi ìmọ́lẹ̀ ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ dín iná kù sí ìdajì tàbí kí ẹ gbé iyùn sún sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe méjèèjì pọ̀.

Kẹ́ ẹ tó dá iná lẹ́bi, ẹ ti tẹmómítà bọ omi. 25 sí 27°C ni iyùn ń fẹ́. Yàrá Èkó lè gbé omi kọjá 30, bó bá sì pẹ́ níbẹ̀, iyùn yóò lé ewé rẹ̀ jáde, bó ti wù kí iná dára tó. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sójú omi lè mú ìgbóná wálẹ̀ ní 2 sí 3°C. Ó ń ṣiṣẹ́ jù lásìkò ọyẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára lásìkò òjò tí afẹ́fẹ́ ti tutù fún omi. Omi tí fáànù bá gbẹ, omi RO (èyí tí ẹ̀rọ sẹ́ mọ́ tónítóní) tí kò níyọ̀ ni kẹ́ ẹ fi dí i, torí iyọ̀ kì í bá omi fẹ́ lọ. Omi bọ́họ̀ọ̀lù kọ́ o.

NẸ́PÀ lè mú iná lọ fún wákàtí 10. Ṣé kí n so iná táǹkì mọ́ ínfátà?
Òǹkàwé kan, Èbúté Mẹ́ta

Pọ́ọ̀ǹpù tó ń rú omi ni kẹ́ ẹ so mọ́ ọn, lẹ́yìn náà fáànù. Iyùn lè fara da òkùnkùn ọjọ́ kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n ẹja àti iyùn ò lè dúró de atẹ́gùn tí omi rírú ń kó wọlé. Bátìrì 12V 100Ah lè gbé pọ́ọ̀ǹpù 10 wáàtì ju ọjọ́ kan lọ. Iná 50 wáàtì á jẹ ẹ́ yára ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po márùn-ún. Bí iná bá dé, ẹ má tan táǹkì fún wákàtí 14 láti fi san gbèsè. Ẹ sì yẹra fún táímà tí wọ́n ń fọwọ́ yí: ó máa ń dúró nígbà tí NẸ́PÀ bá múná lọ, kó tó dọjọ́ kẹta, ọ̀gànjọ́ ni táǹkì yín yóò máa tàn. Ẹ ra èyí tó ní bátìrì nínú.

Ṣé oòrùn ojú fèrèsé ò lè ṣe é?
Òǹkàwé kan, Ìsàlẹ̀ Èkó

Rárá o. Táǹkì kékeré yóò gbóná kíákíá, ewé yóò bo gíláàsì, kò sì sí bọ́tìnnì tí ẹ fẹ́ fi dín oòrùn kù. Ẹ ta kọ́tìnnì sí i.