Oògùn tó ń lé oorun kì í ṣe ìsọ̀yè

Àbúrò mi, o ní ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ fún ọ ní modafinil, oògùn tó ń lé oorun, nítorí ìdánwò rẹ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, o sì ń bèèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́, bóyá kò sì léwu. Mo lò ó fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin ní 2021. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Leicester nílùú Ọba ni mo wà, mo ń ka Másítà. Wákàtí 20 tí físà gbà mí láàyè lọ́sẹ̀, òru ni mo fi ń ṣe é nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, ó di kíláàsì. Ọkùnrin kan tí a jọ ń gbélé ló fún mi ní páálí kan. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti rà á láìsí ìwé dókítà, bẹ́ẹ̀ dókítà nìkan ló yẹ kó kọ ọ́ fúnni nílùú Ọba, fún àwọn tí àìsàn ń mú kí oorun máa gbé lọ lójijì lọ́sàn-án.

Lóru àkọ́kọ́, mo rò pé ọwọ́ mi ti tẹ ohun tí mò ń wá. Oorun kò kùn mí, ebi kò pa mí. Mo jókòó ti àròkọ mi láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì tí mo padà kà á, ìpínrọ̀ kan náà ni mo ti ń tò, tí mo ń tú, tí mo tún ń tò. Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ọgbọ́n kò sí. Máàkì mi kéré sí èyí tí mo ń gbà tẹ́lẹ̀.

Mo rò pé èmi nìkan ni, àfi ìgbà tí àwọn onímọ̀ ní Melbourne, ní Ọsirélíà, gbé ìwádìí wọn jáde ní 2023. Ènìyàn 40 tí ara wọn dá ni wọ́n lò. Wọ́n ní kí wọ́n ṣa ẹrù tó níye lórí jù sínú àpò tí kò lè gbà ju ìwọ̀n kan lọ. Nígbà tí wọ́n lo modafinil tàbí Ritalin, oògùn tí dókítà ń fún àwọn tí ọkàn wọn kì í dúró sójú kan, wọ́n sapá ju ìgbà tí wọn kò lò ó lọ, wọ́n pẹ́ nídìí rẹ̀ jù, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣa ẹrù náà kò mọ́gbọ́n wá tó. Mo kà á, omi bọ́ lójú mi.

N kò ní sọ pé kò wúlò rárá. Ìwádìí kan ní 2015 rí i pé ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ tó gùn tó sì takókó. Ṣùgbọ́n ìsọ̀yè tí àwọn àgbà wa mọ̀, kí ènìyàn má gbàgbé ohun tó kọ́ ni. Oorun sì ni ọpọlọ fi ń to ohun tí a kà sí àyè wọn. Oorun yẹn gan-an ni mò ń lé. Bí mo bá mu 200 mg láago mẹ́sàn-án alẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára mi láago mẹ́sàn-án àárọ̀ tí mo fẹ́ sùn.

Lóṣù kẹta, nǹkan oṣù mi kò wá. Mò ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí lójoojúmọ́, n kò fo ọjọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi bẹ̀rù kí n tó lọ rí dókítà. Ó bi mí pé kí ni mo tún ń mu. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo sọ. Ó ní modafinil máa ń dín agbára oògùn ìfètòsọ́mọbíbí kù, títí di oṣù méjì lẹ́yìn téèyàn bá jáwọ́, ó sì lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá. N kò lóyún. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ni ó ga, ní ọmọ ọdún 27. Ẹni tó fún mi ní páálí náà kò mọ ìkankan nínú èyí, ọkùnrin ni, kò sí ohun tí ì bá mú un mọ̀.

Kò sì rọrùn láti jáwọ́. Oṣù kan tó tẹ̀ lé e, mo fi òru kan sílẹ̀ níbi iṣẹ́, owó dín, mo sì ń sùn.

Bó bá jẹ́ pé láti kékeré ni ọkàn rẹ kì í dúró sójú kan, lọ rí dókítà, ìyẹn ní ìtọ́jú tirẹ̀. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí o tó gba nǹkan kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ, dá mi lóhùn: wákàtí mélòó lo sùn lánàá?