RSI wọn dọ́gba, ṣé agbára wọn náà dọ́gba?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọbìnrin tó ń sá 100 mítà ni mo ń kọ́. Mo ní kí méjì nínú wọn bọ́ sílẹ̀ láti orí àpótí 30 sẹ̀ńtímítà kí wọ́n tún fò sókè kíá. Ọ̀kan fò 24 sẹ̀ńtímítà, èkejì 39, síbẹ̀ RSI àwọn méjèèjì (ìwọ̀n bí eléré ṣe ń ta padà sókè lẹ́yìn tó balẹ̀) jẹ́ 1.5. Ẹnìkan ní kí n pa àpótí tì, kí n máa lo RSImod, ìyẹn irú RSI tí kò nílò àpótí. Fóònù nìkan ni mo ní. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má pa àpótí tì. Ní ti RSImod, orí ìdúró ni eléré ti máa tẹ orúnkún kó tó fò, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ la sì ti ń ka àkókò. Ó sábà máa ń gbà ju ìlàjì ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ẹni tó ń sá 100 mítà kì í rí irú àyè bẹ́ẹ̀: tí eré bá ti wọ̀ ọ́ lára, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.1 nílẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, pátákó tó ń wọn agbára ni RSImod ń fẹ́. Fóònù kò lè rí ìgbà tí ara ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rẹlẹ̀ dáadáa.

Àmọ́ ẹ wo àwọn ọmọ yín méjèèjì. Gíga ìfò (ní mítà) tí a fi àkókò ẹsẹ̀ nílẹ̀ (ní ìṣẹ́jú àáyá) pín ni RSI. Ẹni tó fò 24 sẹ̀ńtímítà (mítà 0.24) lo ìṣẹ́jú àáyá 0.16 nílẹ̀, ẹni tó fò 39 (mítà 0.39) lo 0.26. Àkọ́kọ́ ń ta bí bọ́ọ̀lù, agbára ló kù fún un. Ẹ jẹ́ kó máa gbé irin. Èkejì lágbára, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ nílẹ̀, ó ti kọjá 0.25 tí a fi ń pààlà ìfò kíákíá. Àpótí kékeré àti ìfò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú kan ló yẹ ẹ́. Torí náà, ẹ kọ gíga sọ́tọ̀, ẹ kọ àkókò sọ́tọ̀, kí ẹ tó pín in rárá.

Slow motion tó ń ya àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni kí ẹ lò. Tó bá jẹ́ 30 ni, àwòrán kan péré ti jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 0.033, àṣìṣe yẹn pọ̀ jù. Kí wọ́n fọwọ́ mú ìbàdí. Kí wọ́n má sì ká orúnkún nígbà tí wọ́n bá ń balẹ̀: ìyẹn ló ń tan wá jẹ jù, nítorí ó ń fa àkókò òfúrufú tí a fi ń ṣírò gíga gùn, á wá dà bíi pé ọmọ fò ga.