Mò ń kọ̀wé nípa ìrìn àjò àti oúnjẹ, àmọ́ àwọn olóòtú kì í dá mi lóhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń kọ̀wé nípa ìrìn àjò àti oúnjẹ láìjẹ́ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kankan. Bí mo bá ti ibì kan dé, màá kọ gbogbo ohun tí mo rí, màá fi ránṣẹ́ sí olóòtú mẹ́fà méje lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyọ kan péré ló tíì fèsì, ó ní àwọn ò lò ó. Ní báyìí, òtẹ́ẹ̀lì kan ní kí n wá sùn lọ́dọ̀ àwọn fún ọjọ́ mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́, kí n sì kọ̀wé nípa wọn. Ṣé kí n lọ?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti àwọn olóòtú, torí ibẹ̀ ni wàhálà yín ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ ṣe lọ àti bí ẹ ṣe bọ̀ ni ẹ̀ ń kọ. Olóòtú kì í ra ìyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá dé ibẹ̀ ló lè sọ ọ́. Ìtàn ló ń rà: ẹnì kan wà níbẹ̀, nǹkan kan sì wà lọ́rùn ẹni náà. “Ìlú etí òkun kan tó rẹwà” kì í ṣe ìtàn. Ìyá tó ń ṣe búrẹ́dì fún àwọn apẹja kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi ní ìdájí, tí kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ gba iṣẹ́ náà, ìtàn nìyẹn.

Ẹ má sì kọ ọ́ tán kí ẹ tó fi lọ̀ wọ́n. Ìpínrọ̀ mẹ́ta ti tó: kí ni ìtàn náà, kí ló dé tó fi yẹ kó jáde lásìkò yìí, kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀yin ló yẹ kó kọ ọ́. Olóòtú kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ rán an létí. Bó bá tún dákẹ́, ẹ gbé e lọ síbòmíràn. Àwọn magasíìnì tí wọ́n ń tẹ̀ sórí bébà máa ń ṣètò iṣẹ́ wọn ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, nígbà mìíràn oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn oṣù kejìlá tí ẹ fi lọ̀ wọ́n ní oṣù kẹwàá ti pẹ́.

Tí ẹ bá wá débẹ̀, ẹ wò dáadáa, ẹ gbọ́ dáadáa. “Ó dùn gan-an” kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò jẹ níbẹ̀. Mo jókòó sí ìdí ààrò oníbúrẹ́dì kan rí láti aago méjì òru. Ìyá náà fa búrẹ́dì kan jáde, ó dojú rẹ̀ dé, ó fi ìka kan ìdí rẹ̀ kó-kó-kó, ó dẹtí sí i. Ó dá a padà sínú iná. Ó fa òmíràn, ó kàn án, ìyẹn dún bí àpótí tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. “Èyí ti jinná.” Olóòtú mi gé iṣẹ́ yẹn sí ìdajì, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ìpínrọ̀ yẹn. Ibi tí mo ti kọ ọ́ pé mo gbádùn ara mi ni ó kọ́kọ́ yọ.

Ní ti owó, ó ṣọ̀wọ́n kí iṣẹ́ kan ṣoṣo san owó ìrìn àjò padà. Ẹ gbọ́dọ̀ rí ìtàn méjì mẹ́ta nínú ìrìn kan: ti búrẹ́dì fún magasíìnì oúnjẹ, ti àwọn apẹja fún ti ìrìn àjò. Ìdí nìyí tí ìwé àdéhùn fi ṣe pàtàkì. Lábẹ́ àdéhùn Berne, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn òǹkọ̀wé, ohun tí ẹ bá kọ jẹ́ tiyín láìjẹ́ pé ẹ lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan, ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lè fọwọ́ ara yín kọ̀wé gbé e fún magasíìnì. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi: mo buwọ́ lùwé fún magasíìnì kan láìkà á tán, “gbogbo ẹ̀tọ́” ló wà níbẹ̀. Nígbà tí olóòtú mìíràn béèrè iṣẹ́ náà lẹ́yìn ọdún kan, kì í ṣe tèmi mọ́. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹ̀tọ́ àtikọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde nìkan ni kí ẹ tà. Ẹ bèèrè bóyá ìgbà tí wọ́n bá gba iṣẹ́ ni wọn yóò sanwó tàbí ìgbà tó bá jáde, àti iye tí ẹ máa gbà bí wọ́n bá ní àwọn ò lò ó mọ́.

Ó wá ku òtẹ́ẹ̀lì. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùbẹ̀wò Michelin, ìwé tó ń fún àwọn ilé oúnjẹ ní ìràwọ̀, fi ń san owó oúnjẹ tí wọ́n bá jẹ, láìsọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ìwé ìròyìn New York Times kì í gba iṣẹ́ ìrìn àjò lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n gbé rìn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn mìíràn máa ń gbà á, bí ẹ bá ti sọ ọ́ gbangba nínú iṣẹ́ náà. Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé, bí omi ò bá yọ ní balùwẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ṣé màá lè kọ ọ́? Bí wọ́n bá sì ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ ka iṣẹ́ náà kó tó jáde, ẹ má lọ rárá.

Ní tiyín, ẹ ò tíì ní olóòtú tó gba ìtàn kankan nípa ibẹ̀. Bí ẹ bá lọ báyìí, ìpolówó lẹ máa bá wọn ṣe. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ ní ẹ ò tíì lè fún wọn lésì, kí ẹ wá kọ ìpínrọ̀ mẹ́ta yẹn sí olóòtú kan lọ́sẹ̀ yìí.