Ìbéèrè Yín: Ọmọ tí ò tíì gba abẹ́rẹ́, báwo ni áńtíbọ́dì ṣe dé ara ẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi tó ń kọ́ iṣẹ́ láàbù ní tí wọ́n bá ń dán àjẹsára tuntun wò, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ, kí wọ́n tó gún un àti lẹ́yìn bíi oṣù kan. Ó tún ní áńtíbọ́dì, ohun tí ara fi ń bá àrùn jà, lè ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́. Mo ní irọ́ ló ń pa. Àti pé tó bá ti pọ̀ lára ọmọ, ṣé àìsàn yẹn ò lè mú un mọ́ nìyẹn? Ìyá Ràmọ́ta, Ọjà-Ọba, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọmọ o, Ìyá Ràmọ́ta. Àbúrò yín ò purọ́ o. Ẹ jẹ́ ká mú pneumococcus, bakitéríà tó ń fa nimóníà. Inú imú ọmọdé ló ń gbé, ọmọ á máa sáré kiri láìsàn kankan, òun náà á wà níbẹ̀, wọ́n á sì máa kó o ranra wọn. Ara ọmọ á ti rí purotéènì ẹ̀, á ti ṣe áńtíbọ́dì sí i. Ìkókó gan-an, ti ìyá ẹ̀ ló gbà látinú oyún, tó máa ń pòórá láàárín oṣù mélòó kan. Tí wọn ò bá wá fa ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ èyí tí abẹ́rẹ́ mú wá?

Ẹ lè ní kí ló kàn wọ́n kan purotéènì. PCV, àjẹsára pneumococcus tí wọ́n ń fún ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ṣúgà tó bo bakitéríà náà lára ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n oríṣi ẹ̀ lé ní 100, abẹ́rẹ́ ò sì lè kó gbogbo ẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń wá purotéènì tó wà lára ọ̀pọ̀ wọn, bíi pneumolysin, oró tó fi ń dá ihò sára sẹ́ẹ̀lì wa.

Bí wọ́n ṣe ń wọn áńtíbọ́dì náà, àyẹ̀wò tó ń jẹ́ ELISA ni, Engvall àti Perlmann ló gbé e jáde ní Sweden ní 1971. Pèlébé ike kan ni, ó ní ihò kéékèèké 96, wọ́n á fi purotéènì yẹn lẹ ìdí ihò mọ́jú, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á da mílíìkì tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ sí i kí nǹkan míì má baà lẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n tó wá kán omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí wọ́n ti là kó má ki sí i. Áńtíbọ́dì tó bá mọ purotéènì yẹn á dì í mú, ìyókù á bá omi lọ. Níbi tí áńtíbọ́dì bá kù sí, ohun tí wọ́n máa kán sí i gbẹ̀yìn á yọ búlúù, ásíìdì á sọ ọ́ di yẹ́lò, máṣíìnì á sì ka bó ṣe ki tó. Fífọ̀ yẹn ni iṣẹ́ wà jàre, tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ gbàgẹ̀rẹ̀ gbogbo ihò ló máa pọ́n yẹ́lò, tòótọ́ tirọ́! Orí pèlébé kan náà ló sì dáa kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ méjèèjì wà, torí pèlébé tòní lè má bá tàná mu.

Ti pé ṣé kò lè ṣàìsàn mọ́, ìyẹn yàtọ̀. Tẹ́tánọ́ọ̀sì ní ìwọ̀n áńtíbọ́dì tí wọ́n sábà máa ń gbára lé pé ó ń dáàbò boni, 0.1 IU/ml, torí oró ẹ̀ nìkan ni áńtíbọ́dì fẹ́ dá dúró. Purotéènì pneumococcus ò tíì ní irú ẹ̀. Áńtíbọ́dì lè di purotéènì mú nínú ihò ike kó má sì pa nǹkankan, ìdí nìyẹn tí wọ́n tún ń po omi ẹ̀jẹ̀ yẹn mọ́ sẹ́ẹ̀lì funfun àti bakitéríà tó ṣì wà láàyè, kí wọ́n wá ka iye bakitéríà tó kù tí sẹ́ẹ̀lì funfun ò rí jẹ.