Ìrókò tó ń yọ kókó: ẹ má fín oògùn sí i

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Ẹ ní àwọn ọmọ ìrókò tí ẹ gbìn lọ́nà Ìjẹ̀bú-Òde ń yọ kókó lórí ọ̀mùnú, wọ́n ń kú láti orí wá sílẹ̀, ẹ sì ń bèèrè oògùn tí ẹ máa fín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má náwó sí oògùn. Èmi náà ti fín in ní Ẹ̀pẹ́ níbí, omijé ló gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ìrókò 160 ni mo gbìn sórí ilẹ̀ tí àwọn onígẹdú ti kó gbogbo igi ńlá inú rẹ̀ lọ. Mo ro ó mọ́ féfé, mo tò wọ́n bí àgbàdo, oòrùn ń pa wọ́n lórí. Kí ọdún tó yípo, 11 ló ṣẹ́ kù. Lọ́jọ́ kan mo fi èékánná la kókó kan: omi wà nínú rẹ̀, ọmọ kòkòrò kan tí kò tó ìdajì hóró ìrẹsì ló jókòó sí àárín.

Phytolyma lorúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń yé ẹyin sára ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ọmọ á wọnú ewé, ara igi á wá wú bò ó. Ibo ni oògùn fẹ́ gbà débẹ̀? Bí kókó náà bá bẹ́, ìdíbàjẹ́ á gba ojú egbò wọlé, ọ̀mùnú á kú. Òmíràn á yọ, kòkòrò á tún bà lé e, títí agbára igi á fi tán.

Ibòji àti àdàlù ló gbà mí. Mo kọ́kọ́ gbin igi agúnmáníyè àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Ìgbà tí wọ́n ga dáadáa ni mo wá fi ìrókò há wọn láàárín, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, pẹ̀lú igi apá àti igi ìdígbó. Kókó ṣì ń yọ, àmọ́ kì í sábà pa wọ́n mọ́. Ìrókò kì í fẹ́ ibòji títí o: bó bá ti ga jù yín lọ, ẹ máa dín ẹ̀ka agúnmáníyè kù kí oòrùn lè bà á.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù ni ìyá ìrókò. Akọ wà, abo wà, abo nìkan ló ń so. Àdán ló ń jẹ èso rẹ̀, tó ń yà á káàkiri igbó. Abo kan ṣoṣo ló kù ládùúgbò wa, ẹbí tó ni ilẹ̀ tó wà sì ti ń gé ilẹ̀ náà ní púlọ́ọ̀tì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ bẹ̀ wọ́n kí kàtàkàtà má wó o. Wọ́n fi í sílẹ̀. Ọmọ ìrókò 19 ló ti hù fúnra wọn nínú igbó mi, wọ́n sì le ju gbogbo èyí tí mo tọ́ nínú ọ̀rá lọ. Ẹ wá irú wọn nínú igbó yín kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ fi ọ̀pá sàmì sí wọn, kí ẹ sì ro ilẹ̀ yí igbó ká kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Lọ́dún tó kọjá, iná àwọn ọdẹ jó mẹ́fà nínú tèmi lójú mi.