Ṣé máàpù àtijọ́ lè fi ibi tí abúlé wa wà hàn?

Ìbéèrè: Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, Òkè-Fìà ní Òṣogbo níbí ni mo ń gbé. Mo rí máàpù kan nínú àpótí bàbá mi olóògbé, wọ́n kọ 1:50,000 sí i. Ǹjẹ́ mo lè fi mọ ibi tí abúlé wa wà kí àwọn ilé-iṣẹ́ epo tó dé?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, inú mi sì dùn pé bàbá tọ́jú rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 2 lórí ìwé yẹn jẹ́ kìlómítà 1 lórí ilẹ̀.

Kí ẹ tó fi rúlà kàn án, ẹ wo etí ìwé náà bóyá wọ́n kọ ọdún tí wọ́n ya fọ́tò ilẹ̀ náà láti inú ọkọ̀ òfuurufú síbẹ̀. Inú fọ́tò yẹn ni wọ́n ti ya irú máàpù bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọdún yẹn ni ẹlẹ́rìí yín, kì í ṣe ọdún tí wọ́n tẹ ìwé, èyí tó lè fi ọdún mélòó kan gbẹ̀yìn rẹ̀. Ọdún 1956 ni wọ́n rí epo ní Oloibiri, ní ìpínlẹ̀ Bayelsa ti òde òní, lẹ́yìn náà ni kànga epo wá ń pọ̀ sí i káàkiri. Fọ́tò tí wọ́n bá sì yà ṣáájú kànga kò lè fi kànga hàn.

Òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀ lórí máàpù Òṣogbo wa, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìlàjẹ tẹ́jú pẹrẹsẹ, nítorí náà ìlà aláwọ̀ búlúù tó dúró fún odò ni kí ẹ máa tọ̀. Níbi tí odò bá ti yà, ẹ ka orúkọ tó wà létí rẹ̀ sókè ketekete fún àgbàlagbà kan nílé, torí pé wọn kì í fi àmì ohùn sórí orúkọ, àgbà ló sì máa mọ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn.

Ẹ má ṣe tẹ nọ́ńbà tó wà létí máàpù, èyí tó ń sọ ojú ibi tí nǹkan wà, sínú fóònù lásán o. Minna ni ìṣirò àwọn máàpù àtijọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀, ti fóònù yàtọ̀. Ìyàtọ̀ náà tó nǹkan bíi mítà 100, ó sì lè gbé yín sọdá sí òdìkejì odò. Ẹ jẹ́ kí sáféyọ̀ bá yín yí i padà. Bó bá sì di ọ̀rọ̀ ààlà, sọ́fè, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ tí sáféyọ̀ yà, tó ní òkúta bíkìn tí wọ́n ń rì sí ààlà, ni ilé-ẹjọ́ ń béèrè, kì í ṣe máàpù yìí.

Òkun ti gba ilẹ̀ púpọ̀ ní etíkun yín. Ní Ayétòrò, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ọ̀pọ̀ ilé ti wọmi. Bí ojú ibi tí wọ́n kọ orúkọ abúlé yín sí bá bọ́ sínú omi lónìí, ẹ má tètè sọ pé máàpù náà ló ṣì í.